Wáyà Lẹ́nu Atọ́wò

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe jẹun, jíjẹ náà ni. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì, yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ààrò. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga kan, ife omi kan, àti garawa tí wọ́n ń tu nǹkan sí. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó. Bí bísíkíìtì bá ti jinná tó sì ti tutù, wọ́n á gbé díẹ̀ wá fún un nínú àwo. Á fi eyín iwájú gé e, á tẹ́tí sí bó ṣe fọ́, á fi eyín ẹ̀yìn rún un, á tu ú dànù, á fi omi fọ ẹnu. Lẹ́yìn náà á sọ̀rọ̀: "Ó dáa," tàbí "Ó rọ̀," tàbí "Ó le." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ní ó dáa, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá. Èyí tó bá ní kò dáa, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ ẹran.

Atọ́wò ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí ń fi Àǹtí síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ti pẹ́ lórí àga náà débi pé bí kò bá sí níbẹ̀, àwọn èèyàn kì í jókòó sórí rẹ̀, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri.

Obìnrin náà kẹ́gàn èèyàn púpọ̀. Kì í fi bò. Ó ní àwọn tó ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá, ẹsẹ̀ ni Ọlọ́run fún wọn níbi tó yẹ kí ọwọ́ wà. Ó ní ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mọ iye bísíkíìtì tó wà nínú páálí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó páálí gan-an sínú àwo fún un, yóò jẹ ẹ́, yóò sì ní kí wọ́n fi tíì sí i. Bàbá tó ń mójú tó iná ààrò, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ààrò, òun ló kẹ́gàn jù nínú ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé bàbá náà kì í dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n àwọn tí nǹkan ń dùn ló burú jù lójú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, á ní, "Tó bá fọ́ tán kó o pè mí, kí n wá bá ẹ ṣà á." Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ìbàdí sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Bí ọkùnrin náà bá ti ń dìde lórí àga tó fi ọwọ́ ti ìdí, Atọ́wò á ní, "Ẹ rọra o, Bàbá Ìbejì. Ìbàdí yẹn nìkan lẹ ní." Òun fúnra rẹ̀ bí ìbejì láì ké. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó dúró gbọ́, ó sì ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọjá lọ. Àwọn ìbejì náà ti dàgbà, wọ́n ti kó kúrò nílé. Bóyá ìtàn náà ló lé wọn.

Bó ṣe di ọjọ́ kan, ó rí i pé bísíkíìtì kò gé dọ́gba mọ́. Eyín iwájú méjì lókè ti ń yọrí síta, ọ̀kan nísàlẹ̀ sì ti ń tẹ̀ sínú. Nígbà tí òkè bá sọ̀ kalẹ̀, ìsàlẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó fi ahọ́n wò ó títí. Ó wá lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń tọ́jú eyín náà, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Àga tó ń dùbúlẹ̀ wà níbẹ̀, iná funfun kan ga lórí rẹ̀, ẹ̀rọ kan sì ń hán-ùn-hán-ùn ní yàrá kejì. Obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó wo ẹnu Atọ́wò, ó fi dígí kékeré yẹ ẹ̀yìn eyín wò.

"Ẹ máa wọ wáyà ni, Mà. Wáyà á máa fa eyín díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi máa padà síbi tó yẹ."

"Wáyà. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń wọ̀ ọ́."

"Àgbàlagbà náà ń wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, èyí tó wà níwájú yìí lè kán. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé á dùn yín díẹ̀. Ọ̀la ló máa ń le jù. Bó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, á ti lọ."

"Ìbejì ni mo bí."

"Ẹ kú ewu, Mà."

"Láì ké."

"Ẹ lanu, Mà."

Dókítà fi gọ́ọ̀mù lẹ irin kéékèèké mọ́ eyín kọ̀ọ̀kan, ó fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú wọn kọjá, ó fi ẹ̀mú fún un pinpin. Kò dùn ún rárá. Atọ́wò dìde, ó ní ṣé gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa ni ìyẹn. Nígbà tó délé, ó jẹun, ó sùn.

Lọ́jọ́ kejì ó jókòó sórí àga rẹ̀, wọ́n gbé àwo wá. Ó mú bísíkíìtì kan, ó gé e.

Kì í ṣe bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún èèyàn ni. Ó dà bíi pé eyín náà fẹ́ jáde lọ, tí ẹnì kan sì dì í mú lẹ́sẹ̀. Omi yọ sí i lójú. Ó dojú kọ ògiri. Ọkùnrin tó gbé àwo wá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọ̀rọ̀.

"Ó dáa," ni Atọ́wò wí sí ògiri.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kàn ń fi ọwọ́ ṣẹ́ bísíkíìtì sétí ni. Ó tẹ́tí sí i, ó sì gbà á. Ó ń rẹ ìyókù sínú omi, ó ń dà á sínú garawa bí èyí tó ti rún. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Èyí tún mú kó kẹ́gàn wọn sí i: òun kò gé nǹkan kan, wọ́n sì ń di bísíkíìtì lọ bí ẹni pé òun ti gé e.

Ọ̀sẹ̀ náà parí. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó tún mú bísíkíìtì sáàárín eyín. Kí ó tó gé e pàápàá ni eyín ti bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Nígbà tó gé e, ó rí i pé ó le. Ó mú òmíràn, ó le. Ó mú ẹ̀kẹta. Ó ronú pé kò lè jẹ́ wáyà, nítorí dókítà ti sọ ọ̀sẹ̀ kan, òun kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Bí kì í bá ṣe wáyà, bísíkíìtì ni.

"Ó le," ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì náà, ó le. Lọ́jọ́ kẹta, ó le. Wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n yan lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ilé, pé kí wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ ẹran.

Bàbá Ààrò wọ yàrá rẹ̀. Kò wọ ibẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ ti jóná tó sì ti jinná lọ́pọ̀ ìgbà débi pé kò ní irun mọ́ láti ìgúnpá sísàlẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa.

"Atọ́wò, kí ló le?"

"Bísíkíìtì yín."

"Iná tí mo fi ń yan láti ìgbà tó o ti ń jẹ ẹ́ náà ni mo fi yan èyí."

"Ó lè jẹ́ pé iná náà ti darúgbó, Bàbá. Nǹkan ń darúgbó."

Bàbá mú ọ̀kan nínú àwo, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. "Kò le."

"Eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín gan-an, tẹ́ ẹ fi ń bá mi tọ́ nǹkan wò?"

"Mẹ́fà," ni Bàbá Ààrò wí. "Kò sí wáyà lára ìkankan."

Ó jáde. Atọ́wò gbọ́ tí àwọn kan rẹ́rìn-ín níta. Bóyá bí kò bá gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ọ̀rọ̀ ìbá má le. Ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá náà kò tó o lọ́jọ́ orí. Ọkùnrin kan ni, tó máa ń to gègé ìkọ̀wé sórí tábìlì kó tó sọ̀rọ̀. Atọ́wò sọ fún un pé ojú Bàbá Ààrò kò ríran mọ́, pé ó ń jẹ́ kí iná pọ̀ jù, pé agbára rẹ̀ ti tán.

"Ṣé ó dá yín lójú, Àǹtí?"

"Ṣé mo máa ń bi yín bóyá iye tẹ́ ẹ kà dá yín lójú?"

Ọ̀gá to gègé. Ó ní kí bàbá náà máa lọ sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀. Wọ́n sọ fún Bàbá Ààrò lójú gbogbo èèyàn. Ó padà sídìí iná. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, kò sì sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó máa gba ẹni ọjọ́ orí rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀, Atọ́wò náà mọ̀.

Kí ìparí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ọjọ́ tó máa padà sọ́dọ̀ dókítà pé. Ó bu bísíkíìtì tí òun kọ̀ náà sínú ọ̀rá kan, ó mú un dání lọ. Ó fẹ́ kí dókítà rí ohun tí ojú òun ń rí.

"Wáyà yìí ti fún jù," ló sọ bó ṣe jókòó. "Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Iṣẹ́ wo lẹ tún ní ẹ ń ṣe, Mà?"

Atọ́wò bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Ó sọ nípa àga, nípa àwo, nípa àwọn ọlọ́wọ́-bí-ẹsẹ̀. Dókítà ń dáhùn, "Ẹn-ẹn," ìka rẹ̀ sì wà lẹ́nu Atọ́wò, ó ń kàn níhìn-ín, ó ń kàn lọ́hùn-ún. Atọ́wò ń fi ẹnu tó là sílẹ̀ bú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lọ. Nígbà tó yá, dókítà yọ ọwọ́.

"Èwo ló ń dùn yín nínú wọn?"

"Iwájú. Èyí tó wà lápá ọ̀tún."

"Ó dáa. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí o. Ẹ mọ́kàn le."

Ìka náà ń bọ̀. Atọ́wò fò sẹ́yìn lórí àga, orí rẹ̀ kan irọ̀rí, omi yọ lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ló wí.

"Ìka mi ò tíì kàn yín, Mà," ni dókítà wí. "Eyín yẹn náà ni mo sì ti ń tẹ̀ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń bú ọ̀gá yín. Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ẹ ò dánu dúró."

Atọ́wò wò ó. Ẹ̀rọ ń hán-ùn-hán-ùn lọ ní yàrá kejì.

"Kí lẹ ń sọ? Pé orí mi ò pé?"

"Orí yín pé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe eyín nìkan ló ń ṣe é. Nígbà tí mo fún wáyà, ẹran tó di gbòǹgbò eyín mú wú, ó ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ ló máa ń sọ bó ṣe máa dùn tó. Ní ọjọ́ kejì yẹn, iṣẹ́ tó gbà pọ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀. Ní báyìí ẹran náà kò wú mọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti fẹ́ bọ́ sáàárín eyín yín, ọpọlọ á ti ké kí nǹkan ọ̀hún tó débẹ̀. Àwọn kan ti fi ẹ̀rọ wo inú orí àwọn tó ń wọ wáyà. Ibi tó ń gba ìrora àti ibi tó ń ṣọ́ ẹ̀rù, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ẹ̀rù wo?"

"Ẹ̀rù náà ni, Mà. Ẹni tó bá ń retí pé kó dùn òun, á dùn ún jù. Ó ń ṣe gbogbo èèyàn."

"Kì í ṣe èmi. Ẹ wá orúkọ mìíràn fún un."

"Mi ò ní òmíràn," ni dókítà wí, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sínú garawa.

Atọ́wò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀rá bísíkíìtì rẹ̀. Ó bú dókítà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bú ẹni tó ń ta bàtà, ó bú ọkọ̀ tó gbé e délé nítorí pé ó ń mì.

Ọkọ rẹ̀ jókòó nídìí tábìlì ní ilé ìdáná. Atọ́wò ju ọ̀rá náà sórí tábìlì, ó sì ń rìn lọ rìn bọ̀.

"Ọmọdé yẹn. Ó ki ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ó ní ẹ̀rù ń bà mí. Èmi. Ó ní ọpọlọ mi ń ké. Ta ló fún un ní ìwé ẹ̀rí gan-an? Àti bàbá arúgbó yẹn, ó dúró níwájú mi, ó ń fi eyín mẹ́fà yangàn. Ó yan òkúta fún mi, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Hun-un," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó tú ọ̀rá, ó ń jẹ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ó na ọ̀kan sí i. Atọ́wò gbà á láì wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kó máa lọ sílé," ló ń wí. "Kó lọ tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wa kì í ṣe ilé àwọn arúgbó. Àti ọ̀gá yẹn náà, tí kì í bá ṣe pé mo sọ fún un, títí ayé ni yóò fi máa to gègé." Ó gé bísíkíìtì, ó ń rún un, ó ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ìyá Ìbejì," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ni?"

"Báwo ni òkúta yẹn ṣe rí lẹ́nu?"

Atọ́wò dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìdajì bísíkíìtì kan ló kù níbẹ̀. Ìdajì kejì ti wà nínú rẹ̀. Ó wo ọ̀rá lórí tábìlì, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìdajì tó kù sáàárín eyín iwájú. Ó ń wò ó bọ̀. Eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún kí bísíkíìtì tó kàn án, èjìká rẹ̀ gòkè, nígbà tó sì gé e, ó le bí igi.

Bísíkíìtì kan ṣoṣo ni. Ìdajì rẹ̀ rọ̀, ìdajì rẹ̀ le.

Ó jókòó.

"Ṣé ẹ̀rù ló ń bà ọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

"Ẹ gbẹ́nu yín sọ́hùn-ún."

"Mo kàn ní kí n béèrè ni. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé nǹkan máa ń dùn èèyàn." Ó fi ọwọ́ ti ìdí, ó dìde, ó lọ gbé omi kaná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí Bàbá Ààrò lọ, Atọ́wò wọ ọ́fíìsì ọ̀gá kó tó bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó ní bísíkíìtì kò le. Ó ní ẹnu òun ló ṣìṣe. Ó ní kí wọ́n fi bàbá náà sílẹ̀.

Ọ̀gá to gègé mẹ́rin, ó tún wọn tò.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Bísíkíìtì ọjọ́ mẹ́ta ti lọ. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ máa bi mí pé ta ló fà á. Bó bá jẹ́ bàbá, ọ̀rọ̀ ti tán, arúgbó ni, ó ti ń lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, mo gbọ́dọ̀ gba àga yẹn lọ́wọ́ yín. Èmi ò gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ sọ. Ẹ̀yin náà ò sọ ọ́. Àwa méjèèjì nìkan ló wà níbí."

Atọ́wò wò ó. Ó ti ń kẹ́gàn ọkùnrin yìí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, ó sì rí i báyìí pé òun kò tíì kẹ́gàn rẹ̀ tó. Ohun tó bí i nínú ni pé ìmọ̀ràn náà dùn létí òun. Ó rí àga náà lọ́kàn, àti ife omi, àti ọkùnrin tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà retí ọ̀rọ̀. Ó rí ara rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ṣẹ́ bísíkíìtì sétí, tó ń bá onígègé yìí bo irọ́ mọ́lẹ̀, títí ọjọ́ ogbó.

"Ẹ kú ìjókòó," ló wí, ó sì jáde.

Àkókò tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń lọ tí àwọn ti ọ̀sán sì ń bọ̀ ni, gbogbo wọn kún iwájú ààrò. Bàbá Ààrò ń ti páànù bọ iná. Atọ́wò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbọ́.

"Bísíkíìtì tí mo kọ̀, kò le. Bàbá yan án dáadáa. Ọ̀gá mọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un ni. Èmi ni mi ò lè gé e."

"Kí ló dé, Àǹtí?" ni obìnrin kan nínú àwọn tó ń di ọ̀rá bi í.

Atọ́wò wá orúkọ mìíràn fún un. Ó wá a, kò rí.

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀rù bísíkíìtì."

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fi ọwọ́ lu ògiri. Ọ̀kan ní kí wọ́n máa so bísíkíìtì mọ́lẹ̀ kó má baà bù wọ́n jẹ. Atọ́wò dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wo èyí tí kò jinná.

Bàbá Ààrò kò rẹ́rìn-ín. Kò dúpẹ́ pẹ̀lú.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ló wí. "O ti sọ ọ́ báyìí. Kúrò lójú ọ̀nà, páànù gbígbóná ń bọ̀."

Bàbá náà kò lọ. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti gbọ́, ọ̀gá kò rí ọ̀nà tó máa fi lé e. Ó gba àga lọ́wọ́ Atọ́wò lọ́jọ́ náà gan-an, ó ń wo fèrèsé bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kó lọ máa di ọ̀rá títí wáyà yóò fi kúrò lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn á wò ó. Kò sọ ohun tí àwọn máa wò. Obìnrin kan láti ibi ìṣirò ló fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tó ń ní "Ó dáa" sí gbogbo nǹkan, títí kan èyí tó jóná.

Atọ́wò bọ́ sídìí bẹ́líìtì tí bísíkíìtì ń gbà kọjá, láàárín àwọn tó ti ń bú. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló fi mọ̀ pé iṣẹ́ náà yára ju bí òun ṣe rò lọ, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ya ọ̀rá mẹ́ta. Ó ní ọ̀rá náà kò dáa.

Nígbà tí dókítà tún fún wáyà rẹ̀ pinpin, ó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Kò sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀. Àwọn tó yí i ká ń wo ara wọn, nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ò bá wọn lára mu. Obìnrin tó wà lápá òsì rẹ̀ wá fẹ̀gbẹ́ kàn án.

"Àǹtí, ṣé ó ń dùn yín?"

Atọ́wò wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, láìyára.

"Ó ń dùn mí gan-an," ló wí. "Ṣé o fẹ́ bá mi rù ú ni? Fún mi ní ọ̀rá."